Òdòdó Funfun Ẹ̀yìn Ilé Màámi

Ọmọ mi ò tíì pé ọdún mẹ́rin nígbà tí mo mú un lọ kí màámi ní Ayépé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màámi. Kò sí òdòdó inú igbó tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọmọ náà sáré wọlé láti inú pápá ẹ̀yìn ilé, ó ń tutọ́. Ó ní òun jẹ òdòdó.

"Òdòdó wo?"

"Funfun."

Òdòdó funfun méjì tó rí bíi fèrè ló wà ní pápá yẹn: àlùkerésé, tí kì í ṣe ọmọ ní nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀, àti gégemú, tó ń da orí àgbàlagbà rú, ká má tíì sọ ti ọmọdé.

Mo gbé ọmọ sínú mọ́tò, ó di ilé ìwòsàn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Màámi ní kí n máa lọ, òun á wá ibi tó ti já a. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ kó má baà sùn.

Nọ́ọ̀sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú. "Ṣé ẹ mọ òdòdó tó jẹ, mà?"

Kí n tó dáhùn, fóònù mi dún. Màámi ni. "Àlùkerésé ni."

"Ṣé ẹ rí i dáadáa, màámi?"

"Ọwọ́ ni mo fi wò ó. Itàkùn ni, mo tọ̀ ọ́ dé ìdí. Gégemú kì í fà nílẹ̀, ṣe ló ń dá dúró, èso rẹ̀ sì lẹ́gùn-ún. Mo rún ewé eléyìí, kò rùn bíi ti gégemú."

Síbẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀. Bó bá jẹ́ ibòmíràn lọmọ ti já tirẹ̀ ńkọ́? Ojú tì mí pé mò ń ṣiyèméjì sí ẹni tó kọ́ mi lórúkọ ewé.

Kò pẹ́ tí màámi fi dé lórí ọ̀kadà, ó gbá ọ̀rá dúdú mọ́ àyà. Ó na òdòdó kan tí wọ́n ti gé jẹ dé ìdajì sí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì fi han ọmọ.

"Ṣé èyí lo jẹ?"

Ọmọ náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Kò dùn."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní ká ṣì dúró, kí àwọn máa ṣọ́ ọ. A jókòó síbẹ̀, èmi àti màámi, à ń wo bí àyà ọmọ ṣe ń lọ sókè sódò. Nírọ̀lẹ́, ó ní òun fẹ́ jẹ búrẹ́dì. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ilẹ̀.

"Màámi, bàtà yín dà?"

"Bàtà kẹ̀?" Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí eruku bò, ó sì bú sẹ́kún.