Ẹsẹ̀ Ajá Màmá Olùkọ́

Láràárọ̀, òórùn bisikíìtì tí wọ́n ń yan ní ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ọgbà ilé ìwòsàn ẹranko wa ní Àgídìngbì máa ń wọlé bá wa, á dà pọ̀ mọ́ òórùn oògùn apakòkòrò àti ti irun ajá tó tutù. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba lọ́wọ́ àwọn sọ́jà nígbà náà, gbogbo èèyàn ló sì ń sọ pé nǹkan máa yí padà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè dókítà ẹranko ni, mo ti rán kóòtù funfun méjì, mo sì rò pé gbogbo àgbà ẹnu iṣẹ́ wa ló ń retí kí n wá sọ ohun tí mo kà fún wọn.

Ọ̀gá mi ti ń tọ́jú ẹranko kí wọ́n tó bí mi. Ọwọ́ rẹ̀ dára gan-an. Bó bá rán ojú ọgbẹ́, agbára káká lẹ fi máa rí ibi tí abẹ gbà. Ṣùgbọ́n ó ní ìgbàgbọ́ kan tí kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ìrora ló ń mú ẹranko dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, pé béèyàn bá fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora, á máa fò kiri, á sì tú gbogbo ohun tí a ti tò. Abẹ́rẹ́ náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa. Òun ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, màmá kan gbé ajá rẹ̀ wá láti Ifákò-Ìjàyè nínú tákísì. Ará Èkìtì ni, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ, ajá yẹn nìkan ló kù tí wọ́n jọ ń gbé. Ọ̀kadà ló kọ lù ú, egungun ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan sì kán. Ọ̀gá mi là á, ó fi irin sí i, ó rán an. Iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní.

Nígbà tí oògùn oorun dá lójú ajá náà, mo lọ wò ó nínú kéèjì. Kò dùbúlẹ̀. Ó dúró bí igi lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó sorí kọ́, ó ń mí kíákíá, ó sì ń lá ètè láìsí oúnjẹ níwájú rẹ̀. Gbogbo àmì tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ló wà lára rẹ̀. Mo sáré lọ bá ọ̀gá mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká fún ajá yẹn ní abẹ́rẹ́ ìrora. Ara ń ro ó."

"Ṣé o gbọ́ kó ké?"

"Rárá sà, àmọ́ ẹ wo bó ṣe dúró."

"Ajá tí nǹkan bá ń dùn máa ń ké. Ìwé lò ń kà, iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Lọ bomi fún un."

Mo tún padà lọ bá a lọ́jọ́ kejì. Lọ́tẹ̀ yìí kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní tí mo bá ní ilé ìwòsàn tèmi, kí n máa ṣe é bó ṣe wù mí. Inú bí mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Màmá wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó gbé ìrẹsì àti ẹja wá fún ajá rẹ̀. Ajá náà kò fẹnu kan oúnjẹ ọ̀hún.

"Ọmọ mi, ara ajá yìí ò balẹ̀ o. Kì í dúró báyìí."

Èmi tí mo ti bá ọ̀gá fa ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì, ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Ara rẹ̀ ń yá, mà. Tó bá ń dùn ún, ẹ máa gbọ́ igbe rẹ̀."

Màmá ní, "Nígbà tí wọ́n là mí níkùn gbé àbígbẹ̀yìn mi, mi ò ké. Ṣé wàá sọ pé kò dùn mí ni?"

Mo gbé abọ́ ìrẹsì náà, mo jáde. Bóyá n kò fẹ́ tú ọ̀gá mi fó. Bóyá ojú ló ń tì mí pé n kò lè ṣe nǹkan kan.

Ní Fúráídeè, ajá náà bu ọ̀gá mi jẹ nígbà tó fẹ́ pààrọ̀ báńdéèjì. Ọ̀gá ní ajá burúkú ni, ó sì dè é lẹ́nu. Kó tó di Mọ́ńdè, ajá náà ti já ìdè yẹn, ó ti fi eyín tú ojú ọgbẹ́ náà, irin ti yọ síta, ọyún sì ti gba ẹsẹ̀ náà kan. Ẹsẹ̀ náà kò ṣe é tún ṣe mọ́. Èmi ni wọ́n rán lọ sílé Màmá láti lọ gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ ká tó gé e. Ó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tí mo mú dání.

Nígbà tí mo padà dé, ọ̀gá mi ti fọwọ́, ó ń dúró dè mí kí n wá bá òun di ajá mú.

"Mi ò ní bá yín dì í mú, sà, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ fún un ní abẹ́rẹ́ yẹn," mo wí. "Ẹ ní ìrora máa mú un dúró jẹ́ẹ́. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀!"

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ràn án lọ́wọ́. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ajá náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó gbórí sókè, ó jẹun, ó tún sùn. Kò fò rárá. Mo ń retí kí ọ̀gá mi sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Ó yọjú wo kéèjì, ó ní, "Ó ti rẹ ajá yìí ni," ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Ká ní èmi ni ajá, ǹ bá tún bù ú jẹ.

Màmá dé lọ́jọ́ kejì, mo sì sọ fún un pé abẹ́rẹ́ ìrora ló jẹ́ kí ajá náà sùn. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí ajá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè láì gbójú sókè pé, "Oògùn tí ẹ fún un lánàá, ṣé ó wà níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Mo lè purọ́. "Ó wà, mà."

Kò bú mi. Ó kàn mi orí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ máàkì iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó gbójú lé, tó sì rí i pé ó kùnà. Nígbà tí ara ajá náà yá, Màmá gbé e lọ, kò sì padà sọ́dọ̀ wa mọ́.

Ó ti pẹ́. Mo ti ní ilé ìwòsàn tèmi ní Onígbòǹgbò, àwọn dókítà kéékèèké sì wà lábẹ́ mi. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹranko, kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹni tó ń bá a gbé. Ìbínú mi sí ọ̀gá mi ti rọlẹ̀ díẹ̀. Bó ṣe kọ́ mi láti rán ojú ọgbẹ́ náà ni mo ṣì ń rán an. Èyí tí kò rọlẹ̀ ni èyí tí mo ní sí ara mi. Mo rí i, mo mọ̀ ọ́n, mo sì sọ fún ìyá àgbà, tí òun náà rí i, pé kò sí nǹkan kan. Mo ti wá ibi tí màá gbé ìyẹn sí títí, n kò tíì rí i.