Ọkọ̀ ojú omi tí kò ní bíréèkì

Díẹ̀ ló kù kí n bá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó jà lónìí.

Bàbá Ọlá, ọkọ mi, fi mọ́tò fa ọkọ̀ ojú omi tuntun tó fẹ́ máa fi kó èrò sọdá odò. Èmi àti ọmọ wà níwájú. A ò tíì jáde ní Èrúwà tán tí ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kan fi dá wa dúró.

"Tírélà kékeré tẹ́ ẹ fi gbé e yìí, bíréèkì tiẹ̀ dà? Ó wúwo, òfin ní kó ní."

Ọkọ mi ní, "Ọ̀gá, igi wà tá a máa fi dá táyà rẹ̀ dúró."

Ọ̀gá wo igi náà lẹ́sẹ̀ mi, ó wo ọmọ lọ́wọ́ mi.

"Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ta ló máa bẹ́ sílẹ̀ lọ fi í síbẹ̀? Ìyá ọlọ́mọ yìí?"

Mo ti fẹ́ bá a jà, àmọ́ mo wo ọmọ mi, mo rí i pé òótọ́ ló sọ.

Wọ́n ní ká fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ títí a ó fi ṣe bíréèkì sí tírélà rẹ̀. Inú ń bí Bàbá Ọlá, àmọ́ èmi ń dúpẹ́ nínú ọkàn mi. Ẹ̀yin ìyá, ṣé mo ṣì í?