Aago Ọkọ̀ Tó Ń Padà sí Méjìlá

Ọkàn Ìyá Ìbejì kò balẹ̀ rárá. Òun ló gbọ́dọ̀ wa ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, ìsàlẹ̀ òkè sì ni ilé ìwòsàn ọ̀hún wà. Màmá kò lágbára tó lè fi wọ ọkọ̀ èrò mọ́. Bí Ìyá Ìbejì kò bá lè fọkàn tán ọwọ́ ara rẹ̀, ta ni yóò gbé e?

Ohun tó ń dẹ́rù bà á ni pé bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn, iná ìkìlọ̀ pupa inú ọkọ̀ á tàn níwájú rẹ̀, bíréèkì á sì máa ta ẹsẹ̀ rẹ̀ nù. Ó ti rojọ́ títí fún ọkọ rẹ̀. Bàbá Ìbejì kì í sì í ṣe ọ̀dẹ̀ o. Rìwáyà ni, ọkọ̀ tí iná rẹ̀ bá ti rú gbogbo mẹkáníìkì lójú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ ọ wá. Gbogbo ìgbà ló ń fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò sí i, gbogbo ìgbà ló ń sọ pé kò sí ohun tó ṣe é.

“Ìyá Ìbejì, ẹ̀rù ògiri yẹn ni kò tíì kúrò lára rẹ.”

Lọ́dún tó kọjá ló fi ọkọ̀ yìí kan náà kọlu ògiri ilé ìtajà kan. Kò sẹ́ni tó fara pa, ṣùgbọ́n àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ ní Wógiriwógiri. Á bá wọn rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á sì máa bà jẹ́. Nígbà tó yá, òun náà gbà pé ọkọ̀ wíwà ti kúrò lọ́wọ́ òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ọkọ rẹ̀ tún yẹ ọkọ̀ wò kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Ìyá Ìbejì ṣíná sí i, aago ọkọ̀ ń sọ pé agogo méjìlá ti lù, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò tíì mú.

“Kí lò ń wò?” Màmá bi í láti ẹ̀yìn ọkọ̀.

“Aago yìí ni, Màmá. Àsìkò tó tọ́ ló ń sọ lánàá. Bí Bàbá Ìbejì bá ti yẹ ọkọ̀ wò báyìí, ṣe ló máa ń padà sí méjìlá. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ orí bátìrì kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí ọ̀gá wọn ṣe kọ́ wọn nìyẹn, kí wáyà má baà jó.”

Ó ń wakọ̀ lọ, ó ń rò ó. Ọkọ̀ tó gbàgbé aago, kí ló tún gbàgbé?

Wọ́n dé orí òkè. Iná pupa tàn. Bíréèkì ta ẹsẹ̀ rẹ̀ nù. Ó rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó fa bíréèkì ọwọ́, ó sì pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

“Ẹ gbé ẹ̀rọ yín wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan bátìrì.”

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ ni?”

Ṣùgbọ́n ó wá. Ó fajú ro, ó fi ẹ̀rọ sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ dárúkọ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn agbára bíréèkì. Ó ní kí ìyàwó òun gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Nọ́ńbà tó yẹ kó wálẹ̀ sí òdo ṣì ń lọ sókè sódò. Ó yọ ẹnu wáyà, ó nù ún, ó tì í padà. Nọ́ńbà kò yéé jó.

“Kì í ṣe wáyà,” ó ní. “Sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́. Irọ́ ló ń pa fún ọkọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá sì yọ orí bátìrì, ńṣe ni mò ń pa ẹjọ́ tí ọkọ̀ ti kọ pamọ́ fún ẹ̀rọ rẹ́.”

“Lọ́jọ́ ògiri ńkọ́?”

Kò lè wojú rẹ̀. “Nígbà tí mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ yẹn, orí bátìrì náà ni mo kọ́kọ́ yọ.”

Omi bọ́ lójú Ìyá Ìbejì. Bàbá Ìbejì na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó gbé wá sí i, kí Màmá má baà pẹ́. Kò gbà á.

“Ẹ kọ́kọ́ pe àwọn àbúrò yín. Níṣojú mi.”

Ó pe èyí tó dàgbà jù nínú wọn. Onítọ̀hún gbé e, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, Wógiriwógiri ńkọ́?”

“Èmi ni,” Bàbá Ìbejì dáhùn. “Èmi ni kí ẹ máa pè bẹ́ẹ̀.”