Ilé Onítáyà Tí A Fi Lọ Gbé Akin ní Pópó

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ku ọdún kan kí ìjọba tó ní kí gbogbo mọ́tò ilẹ̀ wa kúrò lápá òsì títì kí wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Èmi kò mọ̀wé, Fọlákẹ́ ló ń bá mi kọ èyí sílẹ̀, n kò lè pe orúkọ ọdún náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rántí bí àwọn awakọ̀ Òkìtìpupa ṣe ń rìn ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀nà yí padà bí ẹni tó wọ bàtà oníbàtà, á mọ ìgbà tí mo ń wí. Ogun ti parí. Ẹ̀ẹ̀rùn ni.

Àwa méjì la lọ, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi. Akin àkọ́bí wa la lọ gbé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti bá àwọn apẹja Ìlàjẹ lọ sí etí òkun ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ń pè ní Pópó. Ọ̀kan nínú wọn ló bá wa lọ́jà Ìgbókọ̀dá tó sọ fún wa pé Akin ti kú, kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Kò sọ ohun tó pa á. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà tán, ó gbé ẹrù ẹja rẹ̀, ó lọ.

Nílé wa, bí èèyàn bá kú sí ìdálẹ̀ tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ la máa ń gbé wá, a ó sì sin ín bí ẹni pé òun gan-an la sin. Bí kò bá sí ìyẹn, kò sí ìsìnkú. Ẹni náà á kàn wà níta bẹ́ẹ̀ ni. Kì í sì í ṣe òbí ló ń lọ gbé òkú ọmọ, àwọn àbúrò bàbá ló yẹ kó lọ. Àwọn àbúrò ọkọ mi ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Èkejì ní òun kò gbọ́ èdè ibẹ̀. Nígbà tí ìpàdé kẹta tú ká, Bàbá Akin dìde.

Ó ní, "Ó dáa. Èmi tí mo bí i, màá lọ."

Mo ní, "Ẹ ò ní dá lọ."

Ó yẹ kí n sọ ohun tí a gbé lọ. Ọkọ mi ti wakọ̀ fún àwọn òyìnbó tó ń lànà. Àwọn òyìnbó náà ní ilé kékeré kan tó ní táyà méjì, tí jíípù máa ń fà kiri, inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Kárafáànì ni wọ́n ń pè é, àwa ń pè é ní ilé onítáyà. Nígbà tí iṣẹ́ wọn parí, ọkọ mi ra jíípù tó ti gbó àti ilé náà lọ́wọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà nínú rẹ̀, fèrèsé méjì, àti ibi ìdáná tí kò ju àtẹ lọ. Ẹ̀yìnkùlé wa ló wà látìgbà náà, àwọn adìẹ mi ló ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Mo bi ọkọ mi pé kí ló dé tí a kò wọ ọkọ̀ èrò. Ó ní, "N kò fẹ́ kí ọmọ mi wọlé lórí àpò gaàrí ẹlòmíì. Orí bẹ́ẹ̀dì ni yóò wá." Mo lé àwọn adìẹ jáde, mo fọ ilé náà lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ òórùn adìẹ bá wa dé Pópó.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí a kúrò ní Ìkọ̀yà, ìlú wa. Mo di púpurú tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe àpò kan, epo ìgò méjì àti ẹja gbígbẹ. Ọ̀nà Òkìtìpupa sí Ọ̀rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ pupa, kòtò lórí kòtò, gbogbo àwo inú ilé onítáyà ń pariwo lẹ́yìn wa bí ẹni pé wọ́n ń jà. Ní Ọ̀rẹ̀ a ra búrẹ́dì ní ṣílè kan. Láti ibẹ̀ títì ọ̀dà ni, ó dán, igbó sì ga lápá méjèèjì. A kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, a gba Ìkòròdú, a kò wọ Èkó, Agége la yà sí. Ọjọ́ ti rọ̀ nígbà tí a dúró ní Ọ̀tà. Bí a ṣe dúró ni èrò pé lé wa lórí. Àwọn èèyàn ibẹ̀ kò rí irú ilé bẹ́ẹ̀ rí àfi èyí tí wọ́n fi ń gbé sinimá káàkiri. Ìyá arúgbó kan gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá, ó fi ìdí kalẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn wa.

Ó ní, "Ìgbà wo ni sinimá máa bẹ̀rẹ̀?"

Bàbá Akin wò ó. Ó ní, "Ó ti parí, ìyá."

Ìyá náà ní, "Àwọn ọmọ mi ló fà mí sẹ́yìn. Wọn kì í tètè jẹun." Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ kejì la dé Ìdíròkó. Nígbà tí a kọjá irin ẹnubodè, Bàbá Akin dá jíípù dúró. Nílẹ̀ Faransé, apá ọ̀tún ni mọ́tò ń gbà, tiwa sì jẹ́ òsì nígbà náà. Ó di ọwọ́ jíípù mú, kò lọ.

Ó ní, "Ìyá Akin, láti ìgbà tí mo ti ń wakọ̀, ọwọ́ mi ò mọ ibòmíì. Ibi tí o jókòó yẹn, ìwọ ni wàá máa rí ẹni tó ń bọ̀ kí n tó rí i. Bí o bá ti rí mọ́tò, kí o máa pè é fún mi: ọ̀tún."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pè é láti Ìdíròkó lọ. Ọ̀tún. Ọ̀tún o, Bàbá Akin. Ní Àjàṣẹ́, àwọn tó ń ta àkàsà létí títì ń sọ èdè tó jọ tiwa, Ànàgó ni wọ́n ń pè é, wọ́n kí wa, a jẹ́. Ní Kútọnu, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ wa yé mọ́. Afárá gígùn kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀, obìnrin pẹ̀lú. Búrẹ́dì wọn gùn tó apá èèyàn, ẹ̀yìn rẹ̀ le, inú rẹ̀ kò ní ṣúgà. Ọ̀pẹ òyìnbó wọn dùn ju tiwa lọ, kí n má purọ́.

Lẹ́yìn Wídà, òkun yọ. Mo ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti kékeré, Ìgbókọ̀dá kò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n omi tí mo mọ̀ dúdú, ó dákẹ́, ewé ń léfòó lórí rẹ̀. Èyí funfun létí, ó ń bú, ó ń wá, ó ń padà. Àgbọn tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títí ojú kò fi rí òpin rẹ̀, gbogbo wọn tẹ̀ síhà kan náà. Lápá kejì, ọ̀sà wà níbẹ̀, ó tẹ́ bí àwo. Ó dára. Inú bí mi sí i pé ó dára.

Bàbá Akin ní, "Akin rí gbogbo èyí."

A sùn sábẹ́ àgbọn, ọjọ́ kẹta a dé abúlé náà. Iyanrìn gbé táyà wa mì ká tó dé ilé àkọ́kọ́. Àwọn apẹja fi imọ̀ àgbọn tẹ́ ọ̀nà, wọ́n tì wá jáde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọkọ mi pe orúkọ Akin, ẹ̀rín náà dúró. Wọ́n mú wa lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kòfí. Ó ti ta iyọ̀ rí ní Àjàṣẹ́, ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ilé rẹ̀ ni Akin ń gbé. Yàrá kan náà ni òun àti Kòfí, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún obìnrin náà, ń sùn, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń wà.

Ó jókòó sílẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ó ní ìgbì dojú ọkọ̀ dé níbi tí wọ́n ti ń padà bọ̀. Kòfí lúwẹ̀ẹ́ jáde. Akin kò jáde. Wọ́n ṣọ́ etí òkun fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, òkun kò dá a padà.

Bàbá Akin ní, "Èékánná rẹ̀ ńkọ́?"

Obìnrin náà ní, "Bàbá, kò sí òkú."

Ó ní, "Ó yé mi. Irun díẹ̀ ńkọ́? Díẹ̀ náà tó."

Ó ń béèrè rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀. Kòfí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìyá rẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó wọlé, ó mú òòyà onígi jáde. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo rà á fún Akin ní Òkìtìpupa lọ́jọ́ tó ń lọ. Irun wà lẹ́nu eyín rẹ̀. Bàbá Akin fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó jókòó sínú iyanrìn, ó sunkún. N kò rí ẹkún rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní, "Ó tó. A ti rí i. A lè lọ sílé."

Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n fún wa ní àkúmẹ̀, ìyẹn ọkà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo rò, àti ẹja tútù. Bàbá Akin jẹun fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọ̀tà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ọkọ mi lọ wo táyà, Ìyá Kòfí wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé onítáyà. Ó kúnlẹ̀. Mo ní kó dìde, àgbà bí tèmi ni.

Ó ní, "Ìyá Akin, òòyà yẹn, àwọn méjèèjì ló ń fi yarun. Irun Kòfí wà níbẹ̀. Ó fún yín nítorí ó fẹ́ràn ọmọ yín, kò mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Èmi mọ̀. Nílé tiwa náà, a kì í sin irun ẹni tó wà láàyè, kí ikú má bàa pè é."

Mo ní, "Ṣé kí n dá a padà?"

Ó ní, "N kò sọ bẹ́ẹ̀. Tiyín ló kú. Mo kàn ní kí ẹ mọ̀."

Ó dìde, ó lọ tan iná rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ yẹn mo jókòó ti òòyà náà. Mo wò ó ní oòrùn, mo wò ó ní òjìji. Irun dúdú ni gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó sọ fún mi pé tèmi ni òun. Kòfí ń lọ, ó ń bọ̀. Ó pọnmi wá fún mi, ó kan pákó ilẹ̀kùn wa tó ti tú. Dàdá ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, Fọlákẹ́, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: mo wo ẹ̀yìn ọmọ náà bó ṣe ń kan ìṣó, mo ní nínú ara mi pé inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà. Kí ló dé tó fi jẹ́ tèmi? Bí mo bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Bàbá Akin á rí ọmọ rẹ̀ sin. Bí mo bá kó irun náà kúrò, irun Akin á bá a lọ, ìwọ̀nba ohun tó kù nínú ara tí mo bí.

Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, jíípù ti so mọ́ ilé onítáyà. Mo ní mo gbàgbé nǹkan nínú ilé onítáyà. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo yọ irun òòyà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fọ òòyà, mo fi ìka wò ó títí kò fi sí ẹyọ kan. Mo di irun náà sí etí gèlè mi tí mo ya. Lẹ́yìn náà mo tú irun orí mi, mo fi òòyà náà yà á, ó kún. Nígbà tí Bàbá Akin ṣí ilẹ̀kùn, ó bá mi bẹ́ẹ̀. Ó rò pé ọ̀fọ̀ ló mú kí n tú irun.

Ó ní, "Ó tó, Ìyá Akin. Wá jókòó."

Níbi tí a ti ń dágbére, mo fi ìdì kékeré náà sí ọwọ́ Ìyá Kòfí, mo pa ọwọ́ rẹ̀ dé. Ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ kó tó wò ó. Ó ní, "Tiyín ńkọ́? Tiyín wà nínú rẹ̀."

Mo ní, "Kó wà pẹ̀lú tìrẹ."

Ó ní, "Inú àpótí mi ni yóò wà. Bí mo bá wà, ó wà."

A wé òòyà náà sínú aṣọ funfun, orí bẹ́ẹ̀dì la tẹ́ ẹ sí. Àwa méjèèjì sùn sórí ẹní nílẹ̀ títí a fi délé. Ní ẹnubodè Ìdíròkó, kọ́sítọ́ọ̀mù kan ṣí ilẹ̀kùn, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí orí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí la dì síbẹ̀. Bàbá Akin ní, "Ọmọ mi ni." Ọkùnrin náà wo bí ìdì náà ṣe kéré tó. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé, bí a ṣe ń pa á lórí ẹni tó ń sùn.

Nígbà tí a dé Ìkọ̀yà, wọ́n ní ká wọ yàrá, nítorí òbí kì í wà níbi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀. Àwọn àbúrò ọkọ mi tí kò lè lọ, àwọn ló gbẹ́ ilẹ̀. Mo gbọ́ ọkọ́. Bàbá Akin di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ó ti wọlé." Mo ní, "Ó ti wọlé."

Láti ọjọ́ náà mo ń retí ikú. Ẹni tí irun rẹ̀ bá ti wọ ilẹ̀, wọ́n ní kì í pẹ́ tẹ̀lé e. Mo pín aṣọ mi tó dára, mo fi gbogbo ìkòkò mi han Morẹ́nikẹ́ ọmọ mi. Ikú kò wá. Nígbà tí ìjọba yí ọ̀nà padà lọ́dún kejì, àwọn awakọ̀ ń bẹ̀rù, Bàbá Akin kò bẹ̀rù, ó ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, mo máa ń gbọ́ tó ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lábẹ́ ẹnu: ọ̀tún, ọ̀tún. Omi á sì wà lójú rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ lọ. N kò sọ ti irun náà fún un rárá.

Nígbà tó yá, Morẹ́nikẹ́ àti Bọ́lá, àwọn ọmọ mi tó kù, kó símẹ́ǹtì wálé. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rẹ́ ojú oórì Akin, kí àwọn kọ orúkọ rẹ̀ sí i kó má bàa di ìgbàgbé. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo sọ ọ́ fún wọn láti Ìdíròkó dé Pópó, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Bọ́lá ń sunkún. Morẹ́nikẹ́ ní, "Ìyá, ta ló wá wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Èmi ni. Bí mo bá kú, ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ tuntun fún mi. Ibẹ̀ ni kí ẹ ṣí. Akin wà ní Pópó, nínú àpótí obìnrin kan, pẹ̀lú ẹni tí wọ́n jọ ń wakọ̀. Èmi kàn ń bá a di àyè rẹ̀ mú nílé ni."