Bàtà Mi Lẹ́nu Ọ̀nà Mọ́sáláṣí Ìwàrè

Bí mo bá ti gbóòórùn ẹní tí omi ta sí, mọ́sáláṣí àtijọ́ kan ní Ìwàrè ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. O mọ̀ pé Onítẹ̀bọmi ni wá nílé wa ní Fìdítì, nítorí náà ó lè yà ọ́ lẹ́nu. Ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ṣètò pé kí a lọ wo àwọn ilé àdúrà tó pẹ́ jù lágbègbè wa, ti Kìrìsìtẹ́nì àti ti Mùsùlùmí, kí àwọn àgbà tó mọ ìtàn wọn tó kú tán.

Ọdún kejì tí mo bọ́ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé ni. O ti gbọ́ bí wọ́n ṣe kó wa lójú ọ̀nà oko, n kò ní tún un sọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lásán ni mo fi sá la igbó náà já, ẹ̀gún sì fi ojú ẹsẹ̀ mi rí màbo. Láti ọjọ́ náà, n kì í bọ́ bàtà níta ilé mi. Kánfáàsì olókùn ni mo ń wọ̀ lọ síbi gbogbo, kódà tí mo bá ró aṣọ òkè.

“Ìyá Sójà,” ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí nínú bọ́ọ̀sì. “Ogun ibo lo tún ń lọ?” Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí a kọ́kọ́ yà ní Àwẹ́, ara mi balẹ̀. Wọ́n ní àwọn obìnrin ló pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ ògiri rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ògiri náà, ó tutù bí àmù. Ìdí ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí, bí ìṣe mi.

Ní Ìwàrè, àwọn yòókù bọ́ bàtà, wọ́n wọlé. Èmi dúró síta. Ó dùn mí gan-an, nítorí inú mọ́sáláṣí yẹn ni ìyá tó bí ìyá mi ti kọ́ kéwú kí wọ́n tó fẹ́ ọkọ wá sílé Onítẹ̀bọmi. Wọ́n máa ń sọ fún mi nípa òpó igi kan tí wọ́n ń fara tì níbẹ̀. Nítorí òpó náà ni mo ṣe wá.

Ládàánì, bàbá arúgbó tó ń pe ìrun, jókòó ti bútà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. “Ọmọ mi, wọlé.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, n ó máa wò ó láti ìta.”

Ẹnìkan pariwo láti inú ilé: “Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá! Bàtà yẹn ti di awọ ara rẹ̀!” Ẹ̀rín sọ. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo ojú mi.

“Ta ló lé ọ?”

Mo sọ fún wọn ní gbólóhùn kan. Wọ́n na ọ̀pá wọn sí àwọn bàtà tó wà nílẹ̀. “Bí àwọn èèyàn bá ń kírun, èmi ni mo máa ń yí bàtà wọn kọjú síta, kí ẹni tó bá jáde kàn ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bọ́ tìrẹ. N ó kọ ojú rẹ̀ sí títì, n ó sì jókòó tì í. Ẹni tó bá wá lé ọ, èmi ni yóò kọ́kọ́ bá.”

“Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀pá, Bàbá?”

“Ọ̀pá náà ni n ó fi nà án.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, mo sì tú okùn bàtà mi. Ẹní tí omi àlùwàlá ti ta sí tutù lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Òpó náà ń dán níbi tí èjìká àwọn ọmọ kéwú ti ń kàn án. Mo fara tì í. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bojú wẹ̀yìn, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo rí ẹ̀yìn Bàbá lẹ́nu ọ̀nà, àti gìgísẹ̀ bàtà mi tó kọ sí mi.

N kò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀rù kò tíì kúrò lára mi, kánfáàsì náà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, obìnrin kan ládùúgbò wa bọ́ lọ́wọ́ irú àwọn èèyàn yẹn. Ó wá kí mi, kò lè bọ́ bàtà wọlé. N kò sọ fún un pé kó má bẹ̀rù. Mo ní kó bọ́ bàtà rẹ̀, mo kọ ojú bàtà náà sí títì, mo sì gbé àpótí mi sẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó tì í.