Òkúta Ojú Ọ̀run tó Fẹ́ẹ̀ Gba Sikira Lọ́wọ́ Mi

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bí òkúta kan tó wà lókè lọ́hùn-ún, tí kò mọ̀ pé wọ́n bí mi, ṣe fẹ́ẹ̀ ba ọ̀rọ̀ ìyàwó mi jẹ́!

Ouagadougou ni, nígbà révolution, tí ìjọba ológun ń pàṣẹ fún tọmọdé tàgbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ ẹ rántí: bá ò bá gbálẹ̀ àdúgbò, à ń sáré lórí pápá, ọ̀gá àti ìránṣẹ́, gbogbo bureau ìjọba á tì pa. Tíṣà ìṣirò ni mí. Sikira ni mo fẹ́ fẹ́, ọmọ Alájì tó ti Kumasi wá ta aṣọ ní àdúgbò Zangouettin. Ọkùnrin sísanra, aláwàdà ni, àfi tọ́rọ̀ bá kan ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tá a gbálẹ̀ tán, olórí àdúgbò ní kẹ́ni tó bá mọ nǹkan kọ́ àwọn tó kù. Ta ló tún kù bí kò ṣe èmi? Mo ní òkúta kan wà tó ń jẹ́ Vesta, láàárín Mars àti Jupiter, níbi tí àìmọye òkúta bíi tirẹ̀ ti ń yí oòrùn po. Kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀, kò sómi. Ó gbóná rí débi pé àpáta ara rẹ̀ yọ́ bí òrí, kó tó tutù. Fífẹ̀ rẹ̀ sì ju ọ̀nà Ouaga sí Bobo lọ!

Alájì bi mí pé ta ló dì í mú. Mo ní kò sẹ́ni tó dì í mú.

Yéè! Lójú ọlọ́jà, ẹrù tí wọn ò so tó wà lókè, ibo ni yóò já sí? Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí Alájì fi bá onílọ́rì sọ̀rọ̀ ní Kossodo, níbi tí àwọn lọ́rì ń gúnlẹ̀ sí: òun àti gbogbo ilé òun ń padà sí Kumasi. Bó ṣe rò pé òkúta ò mọ ọ̀nà Kumasi ò yé mi títí dòní!

Ọjọ́ eré ìdárayá ló tẹ̀ lé e. Lọ́rì á gbéra láàárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀. Sikira ń sunkún. Kí ni kí n ṣe?

Mo bẹ Alájì kó gbé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan wá sí pápá, òfì ilẹ̀ ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Faso dan fani, tí wọn ò tíì rán pọ̀. Mo dúró láàárín, mo di etí kan mú sókè: èmi loòrùn. Mo fi etí kejì lé Alájì lọ́wọ́, mo ní kó máa sáré yí mi po.

"Ṣé èmi wá ni òkúta?"

"Ẹ̀yin ni, Alájì. Ẹ máa pòòyì bẹ́ ẹ ti ń lọ. Ọjọ́ wa kan ò ní pé kí Vesta tó pòòyì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ."

"Tíṣà, ṣó o fẹ́ pa mí ni?"

Ó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan, fìlà rẹ̀ bọ́. Sikira layé: ó ń sáré nítòsí mi, ó ń bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ aṣọ. Kí Alájì tó yí mi po lẹ́ẹ̀kan, tiẹ̀ ti ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ!

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo tún dé!"

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Mo bi Alájì pé ta ló ń fà á.

"Ìwọ kọ́ ni?"

"Kí ló dé tẹ́ ò wá ṣubú lù mí?"

"Ṣé o ò rí i pé mò ń sáré ni!"

Ó dúró wàyí. Ó wo ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú eruku pupa, ó wo ti ọmọ rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ọ̀nà méjèèjì ò pàdé níbì kankan. Ó ká aṣọ rẹ̀, ó lọ sílé.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ìmọ̀ dẹ́rù ba àna yín, ẹ dúró parí àlàyé! Ẹ̀yin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wo lẹ sọ rí tó fẹ́ẹ̀ lé àna lọ? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, ká jọ rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ìró lọ́rì lójú títì, mo sáré lọ sójú fèrèsé. Ó kọjá lọ. Ni wọ́n bá kanlẹ̀kùn. Alájì ni, nínú ṣòkòtò péńpé! Sikira wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Tíṣà, jáde ká lọ sáré. Mi ò fẹ́ dúró kí n má baà já. Kó o sì ránṣẹ́ pe àwọn bàbá ẹ. Èmi náà fẹ́ mọ ìdílé tí ọmọ mi ń yí po."