Ọjọ́ Tí Ṣadé Wá Bá Mi ní Erékùṣù

Aago márùn-ún ìdájí ni mo jí ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ìsinmi wa. Mo ti po ìyẹ̀fun búrẹ́dì tán kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́.

Kúkù ọkọ̀ òkun ni mí. Àpápá ni mo ti wọ ọkọ̀ ẹrù àwọn ará Gíríìsì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Oṣù mẹ́wàá lórí omi, oṣù kan nílé ní Ajégúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn wa ṣe rí. Nínú gálì, ìyẹn ilé ìdáná ọkọ̀, kúkù tó bá sùn kọjá aago márùn-ún máa fi ebi pa ogún ọkùnrin, wọn kì í sì í ṣe ẹni tí èèyàn ń bá ṣeré nígbà tí ebi bá ń pa wọ́n.

Lọ́dún yẹn, wọ́n gbé ọkọ̀ wa gòkè kúrò nínú omi ní Gíríìsì fún àtúnṣe ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n fẹ́ fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì bàálù sílé. Èmi ọlọ́gbọ́n bá ní kí wọ́n fi gbé ìyàwó mi wá. Ọ̀gá ọkọ̀ wa, tó fẹ́ràn ọbẹ̀ ata mi títí imú rẹ̀ fi máa ń ṣomi, ní ká lo yàrá kan nílé ìyá òun, ní erékùṣù tí wọ́n ti bí i.

Ibẹ̀ lẹ́wà, mi ò ní purọ́. Ilé funfun kún orí òkè, omi sì mọ́ débi pé à ń rí ẹja nísàlẹ̀. Ṣadé ìyàwó mi, télọ̀ tó jẹ́ pé omi elépo Àpápá ló mọ̀, dúró lójú fèrèsé. Mo rò pé ẹwà ibẹ̀ ló pa á lẹ́nu mọ́, inú mi sì dùn.

Mo gbé búrẹ́dì gbígbóná àti ẹyin síwájú òun àti ìyá ọ̀gá, arúgbó kan tó wọ dúdú látòkèdélẹ̀. Mo wá dúró sẹ́yìn àga, mo fi aṣọ ìnuwọ́ kọ́ apá.

Ṣadé ní, "Dèjì, jókòó."

"Yes, madam."

Mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi. Àdúgbò kan náà la ti jọ dàgbà; orúkọ mi ló máa ń pè mí, ó sì máa ń bí ìyá mi nínú. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ madam láàárín wa. Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀, kò jẹun mọ́.

Lọ́sàn-án, àwa mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí òkun. Ọkọ̀ ẹrù kan ń kọjá lọ́ọ̀ọ́kán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tó máa gbé àti èbúté tó ń lọ.

Ṣadé ní, "Mo ní kó o wálé. Tíkẹ́ẹ̀tì lo fi ránṣẹ́."

"Ṣé ibí ò dáa ni?"

"Ó dáa. Ọdún méje rèé, Dèjì. Oṣù kan, oṣù kan. Ìgbà wo la fẹ́ bímọ? I don tire. Fi ọkọ̀ sílẹ̀, jọ̀ọ́, ká jọ padà sílé."

"Jẹ́ kí n parí tọdún yìí."

Ó na ìka márààrún sí mi lójú. "Wàká!"

Ní Ajégúnlẹ̀, mo ti gba wàká kọjá kíkà. Ṣùgbọ́n ìyá ọ̀gá, tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, fọwọ́ bo ẹnu. Àṣé èébú ni ìka márùn-ún lọ́dọ̀ tiwọn náà! Mo ti fẹ́ máa bẹ arúgbó náà kó má bínú nígbà tó bú sẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó na ìka tirẹ̀ sí òkun, lẹ́ẹ̀mejì, tagbára-tagbára. Inú omi ni ọkọ rẹ̀ kú sí. Ọmọ rẹ̀ ti sọ fún mi rí. Ṣadé dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì ń sunkún. Èmi dúró sọ́tọ̀. Mi ò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí, àní láàárín agbami.

Mo parí tọdún náà. Mo tún fi ọdún mẹ́fà lé e, torí iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi, torí mo sì ń bẹ̀rù ohun tí màá bá nílé. Nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn mí ju kí n lè gbé ìkòkò lọ, mo kó ẹrù mi, mo sọ̀ ní Àpápá, mo sì gba Ajégúnlẹ̀ lọ.

Ṣadé ṣílẹ̀kùn. Ó gba àpò lọ́wọ́ mi, ó bu omi fún mi.

"Ìgbà wo lo tún ń lọ?"

"Mi ò lọ mọ́."

Ó wo yàrá náà yí ká. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀, aṣọ oníbàárà sì kún ibi tí mo máa ń sùn sí lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ibo lo wá fẹ́ máa gbé báyìí?"

Kò fi bú mi. Ó fẹ́ mọ̀ ni.